Àyẹ̀wò ilẹ̀ àkọ́kọ́ níbi ìtọ́jú pàǹtírí eléwu: ṣé Phase I nìkan tó?

Aláyẹ̀wò_Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ló wà níwájú wa. Láti nǹkan bí 1960 ni wọ́n ti ń fi chromium àti nickel bo irin níbẹ̀. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí wọn: táǹkì kan fún omi tó ní cyanide, ọ̀kan fún omi tó ní chromium, ìkẹta níbi tí méjèèjì ti ń dà pọ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó silẹ̀. Gbọ̀ngàn kan tún wà tí wọ́n ń kó dúrọ́ọ̀mù pàǹtírí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn pa mọ́ sí. Torí gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ṣe ní ìwé àṣẹ RCRA, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí pàǹtírí eléwu. Ẹnì kan fẹ́ rà á, ó sì ní ká ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣé Phase I (àyẹ̀wò ìpele àkọ́kọ́) bó ṣe wà nínú ìlànà ASTM E1527-21 tó fún irú ibí yìí? Kí ni ká wò gan-an tí a bá dé ibi ìtọ́jú? Ṣé ká bu erùpẹ̀ báyìí, àbí kó dúró?

Páìpù_Abẹ́_Ilẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́. Àyẹ̀wò méjì ni, àwọn èèyàn ló máa ń pa wọ́n pọ̀. Phase I wà fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, kí wọ́n má bàa di ẹ̀bi ẹlòmíràn rù ú. 40 CFR Part 312 ni òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó bá ní ìwé àṣẹ RCRA tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, RCRA Facility Assessment. Wọn á kọ́kọ́ wo ìwé, wọn á wá rìn yíká ọgbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu àpẹẹrẹ níbi tí ó bá ti yẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ EPA (àjọ àyíká ìjọba àpapọ̀) tàbí àjọ ìpínlẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é níbẹ̀ rí. Tó bá wà, ẹ óò rí àtòkọ gbogbo ibi tí pàǹtírí ti gbé kọjá, tí wọ́n ń pè ní SWMU. Orí àtòkọ yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ aláyẹ̀wò. Táǹkì ìtọ́jú omi tó ń tú sí ojú omi tàbí gọ́tà ìlú lábẹ́ òfin omi lè má nílò ìwé àṣẹ RCRA rárá. Aláyẹ̀wò á rí i pé kò sí nínú ìwé àṣẹ, á sì fò ó. Àṣìṣe ńlá ni. Láti ìgbà àtúnṣe òfin 1984, abala 3004(u) sọ pé ẹni tó bá ń gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tún ohun tó bá jò láti inú SWMU èyíkéyìí nínú ọgbà náà ṣe, ìgbà yòówù kí pàǹtírí náà ti débẹ̀. Kòtò tí wọ́n ti dí ní 1970 ṣì wà nínú ọ̀rọ̀.

Ní ti ìwé: ẹ gba Part A àti Part B (apá méjèèjì ìwé tí wọ́n fi béèrè àṣẹ), ètò bí wọ́n ṣe máa palẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń ti ibẹ̀ pa, àti ìwé àyẹ̀wò ojoojúmọ́ lórí táǹkì. Ẹ gba àṣẹ gọ́tà ìlú náà. Manifest (ìwé tó ń bá pàǹtírí rìn dé ibi tí wọ́n kó o lọ) tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tó kó pàǹtírí jáde tọ́jú kò ju ti ọdún 3 lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba ni kí ẹ ti wá èyí tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ẹ wo àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, àwòrán ilẹ̀ àwọn oníṣòwò ìbánigbófò iná, ìwé àdírẹ́sì òpópónà, àti máàpù òkè òun pẹ̀tẹ́lẹ̀. E1527-21 fẹ́ kí ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ilẹ̀ náà àti àwọn tó bá a pààlà. Bí ẹ bá rí kòtò oníhà mẹ́rin tó dúdú lẹ́yìn ilé nínú àwòrán 1965, tó sì ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú ti 1985, ẹ ti rí iṣẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni pé: ọdún wo ni wọ́n gbé táǹkì ìtọ́jú wọlé, ibo sì ni omi náà ń lọ kó tó di ọdún yẹn? Tí ìjábọ̀ kò bá dáhùn rẹ̀, kò tíì parí.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ pẹ̀lú. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wíwo ìwé ìjọba, wíwá gbèsè ìtọ́jú àyíká tó wà lórí ilẹ̀, rírìn yíká, àti ìbúwọ́lùwé amòye kò gbọdọ̀ ju 180 ọjọ́ lọ kí ọjọ́ rírà tó pé. Ọjọ́ tí ẹ ṣe èyí àkọ́kọ́ nínú wọn lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má ka ọjọ́ tó wà lójú ìwé ìjábọ̀.

Omi_Kì_Í_Parọ́:

Ọ̀gá Páìpù ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹsẹ̀ rírìn.

Ẹ tẹ̀ lé omi náà láti ibi tí wọ́n ti ń ki irin bọ kẹ́míkà, gba gọ́tà inú ilé kọjá, dé kòtò ìkómijọ, dé táǹkì, títí dé ibi tó ti ń jáde nínú ọgbà. Gbogbo ibi tí omi bá ti wọ abẹ́ kọnkéré, ẹ sàmì sí i lórí àwòrán. Táǹkì tó wà lókè, ojú ń rí i, wọ́n sì ń tún un ṣe. Páìpù amọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láti 1960, kò sẹ́ni tó ń wò ó, oríkèé rẹ̀ ló sì sábà máa ń jò.

Àbàwọ́n tó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ọsàn lára kọnkéré, chromium oníná mẹ́fà (hexavalent, Cr(VI)) ni ẹ kọ́kọ́ máa fura sí. Èyí tó ní àwọ̀ ewé lè jẹ́ nickel tàbí chromium oníná mẹ́ta (Cr(III)). Ìyàtọ̀ wà: oníná mẹ́ta máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, ṣùgbọ́n oníná mẹ́fà ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ rìn lọ ni. Bí ẹ bá rí òkúta wẹ́wẹ́ tó yọ lójú kọnkéré, ásíìdì ti jẹ sìmẹ́ńtì orí rẹ̀ nìyẹn, kò sì gba nǹkan dúró mọ́.

Ẹ gba ìwé tí wọ́n ń kọ pH sí. PH 2 sí 3 ni sodium metabisulfite ti ń yí chromium oníná mẹ́fà padà sí oníná mẹ́ta dáadáa, kí wọ́n tó gbé pH lọ sí 8 tàbí 9 kí ó lè silẹ̀. Bí ìwé bá fi hàn pé pH máa ń gun 5 nínú táǹkì àkọ́kọ́, ìyípadà náà ti fà sẹ́yìn gan-an, oníná mẹ́fà ti ń kọjá láìyí. Ohun tó sábà ń fà á ni irin ìdíwọ̀n pH tí ẹ̀gbin ti bò. Omi cyanide ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè pH 10 ní ìpele àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí kòtò kan ṣoṣo tí gọ́tà ásíìdì àti gọ́tà cyanide jọ ń sàn sí, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Gáàsì hydrogen cyanide lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí, kì í dúró de ìjábọ̀.

Ẹ wá wọn ìgànná tó yí táǹkì ká. Òfin fẹ́ kó gba gbogbo omi táǹkì tó tóbi jù, pẹ̀lú òjò wákàtí 24 tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 25 tó bá wà níta gbangba. Ẹ fi èyí ṣe àpẹẹrẹ: mítà 6 ní 5, gíga mítà 0.6, lítà 18,000 nìyẹn. Táǹkì tó tóbi jù gba 15,000, gbogbo ènìyàn á ní ó tó. Ṣùgbọ́n táǹkì méjì yòókù náà dúró nínú ìgànná. Bí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ tó mítà 2, lítà bí 1,900 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lọ. Lítà 14,200 ló kù. Kò tó mọ́.

Ti dúrọ́ọ̀mù yàtọ̀: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, tàbí dúrọ́ọ̀mù tó tóbi jù, èyí tó bá pọ̀ jù. Dúrọ́ọ̀mù 80 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 208 fẹ́ àyè lítà 1,664.

Ìyá_Láàbù:

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ TCE (trichloroethylene), kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ epo kúrò lára irin. Irin kì í gba chromium bí epo bá wà lára rẹ̀. Nítorí náà ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń fọ epo kúrò láti 1960, àti ibi tí ẹ̀rọ ìfọpo náà dúró sí. TCE wúwo ju omi lọ, nǹkan bí ìlọ́po 1.46. Bó bá dé inú omi abẹ́ ilẹ̀, kò ní léfòó, ìsàlẹ̀ ló ń lọ títí yóò fi bá ìpele amọ̀ pàdé. Oru rẹ̀ sì ń gba kọnkéré kọjá wọ inú ilé padà. Máíkírógíráàmù 5 nínú lítà kan ni òpin rẹ̀ nínú omi mímu, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ fi ń ba omi púpọ̀ jẹ́.

Ẹ béèrè kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú táǹkì chromium kí èéfín rẹ̀ má bàa gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní PFOS nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà PFAS tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Láti July 2024 ni PFOS àti ìbátan rẹ̀ PFOA ti wà lára ohun eléwu lábẹ́ CERCLA, òfin tó ń sọ ẹni tó máa ru ẹ̀bi ilẹ̀ tó bàjẹ́, nítorí náà ara Phase I gan-an ni wọ́n wà báyìí. Ẹ má fi wọ́n sí àfikún ẹ̀yìn ìwé.

Aláyẹ̀wò_Tuntun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Láàbù, bíbu erùpẹ̀ wá ńkọ́? Olùrà ń kánjú, ó sì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ibẹ̀ ti yege nínú àyẹ̀wò TCLP (èyí tó ń wo iye májèlé tó ń tú jáde nínú pàǹtírí), pé kò léwu mọ́.

Ìyá_Láàbù:

Ẹ sọ fún olùrà pé TCLP kò yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn kúrò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìtọ́jú omi irú iṣẹ́ yìí ní orúkọ nínú òfin, F006. Ibi tó ti wá ló sọ ọ́ di pàǹtírí eléwu, kì í ṣe iye irin tó ń tú jáde nínú rẹ̀. Ìwé kan lọ́tọ̀ ló ń yọ ọ́ kúrò nínú àtòkọ, láti ọwọ́ àjọ ìjọba.

Fún erùpẹ̀, ìṣirò kan wà tó ń fi owó pa mọ́. TCLP ń fi omi ìlọ́po 20 sí nǹkan. Bí erùpẹ̀ bá ní chromium tí kò tó 100 mg/kg, kò lè ju òpin 5 mg/L lọ bó ti wù kó rí. Ẹ wọn àpapọ̀ kẹ́ ẹ tó san owó TCLP.

Bíbu àpẹẹrẹ kò sí nínú Phase I, ẹ má sì bù ú láìsí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, torí ohun tí ẹ bá rí lè di ohun tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ ibi tí ìpele kejì yóò ti gbẹ́lẹ̀, bó ṣe máa jìn tó, àti ìdí rẹ̀. Tó bá wá kan omi abẹ́ ilẹ̀: chromium oníná mẹ́fà gbọ́dọ̀ dé láàbù kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n láàárín wákàtí 24, àfi tí ẹ bá sẹ́ ẹ tí ẹ sì fi èròjà ìpamọ́ sí i. Ti TCE, ìgò 40 mL tó kún débi pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, ásíìdì sí i kí pH lọ sísàlẹ̀ 2, ọjọ́ 14. Ti cyanide, sodium hydroxide ni, kì í ṣe ásíìdì. Ẹni tó bá ṣi ìgò méjèèjì gbé ti fi ásíìdì sí cyanide nìyẹn.

Páìpù_Abẹ́_Ilẹ̀:

Ẹ fi ọ̀kan kún un: kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ nínú ìgànná táǹkì, ẹ ronú dáadáa. Ihò tí ẹ bá lu gba inú kọnkéré tó ń dáàbò bo ilẹ̀ ti di ọ̀nà tí omi yóò gbà wọlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìgànná, ní ìhà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń sàn lọ. Tó bá di dandan láti lu inú, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n dí i padà pẹ̀lú ohun tí ásíìdì kò lè jẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò táǹkì.