Lẹ́ńsì zoom wo ni kí n fi rọ́pò 28-70 tó bá kámẹ́rà mi wá?

Àdùkẹ́Onífọ́tò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà. Sony a7 III ni mo ń lò, lẹ́ńsì 28-70mm f/3.5-5.6 tó wà nínú páálí rẹ̀ náà ló ṣì wà lójú rẹ̀. Níta, lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti wọlé, tí mo fa zoom dé 70, f/5.6 ni mo máa bá níbẹ̀ (bí nọ́ńbà f bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń kéré tó). ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀, á gun òkè dé 6400, ojú ẹni tí mo ń yà á wá dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn lù ú. Àwọn ọmọdé ni mo sì sábà máa ń yà. Wọn kì í dúró lójú kan, torí náà n ò lè sọ pé kí n dẹ shutter sílẹ̀ kó pẹ́ ní ṣíṣí.

Mẹ́ta ni mo ń wò: Tamron 28-75mm f/2.8 G2, Sigma 24-70mm f/2.8 DG DN Art, àti Sony 24-105mm f/4 G. Mo ti wo fídíò títí ojú fi ń ro mí. Ẹni kan á ní èyí mú ju tọ̀hún lọ, ẹlòmíì á ní irọ́ ni. Níbi tí wọ́n bá ti sún igun àwòrán mọ́ wa lójú báyìí, n kì í rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé ojú mi ni àbí?

Ẹnì kan fẹ́ yá mi Tamron àti Sigma lò fún ìgbà díẹ̀. Báwo lẹ̀yin ṣe ń yẹ lẹ́ńsì wò kẹ́ ẹ tó gbà pé ó dáa?

Ìró_Shutter

Sigma, láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. 24mm kì í ṣe ẹgbẹ́ 28mm: bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni lẹ́ńsì ṣe ń rí ibi tó fẹ̀ tó. Ìwọ̀n 84° ni 24 ń rí láti igun dé igun, 75° ni ti 28. Nínú yàrá tó há, níbi tí ẹ̀yìn rẹ ti kan ògiri, ìyẹn ló máa sọ bóyá ẹni tó wà ní ìparí ìlà máa wọnú àwòrán tàbí èjìká rẹ̀ nìkan la máa rí.

BàbáGíláàsì

Ọ̀rọ̀ Ìró_Shutter kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́jọ́.

Àdùkẹ́, ojú ẹ ò ṣe nǹkan kan. Fídíò ti fún àwòrán yẹn pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, ibo lo ti fẹ́ rí ìyàtọ̀?

Kó o tó fọwọ́ kan lẹ́ńsì ẹnikẹ́ni, lọ ṣí fódà àwọn àwòrán tó o ti yà. Kámẹ́rà ti kọ ọ́ sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan: mílímítà tó o lò, f tó o lò, ISO. Lightroom Classic máa yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ, digiKam tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà máa fi hàn ẹ́. Bó bá jẹ́ pé 70 ló pọ̀ jù, tí gbogbo wọn sì ń sunkún ìmọ́lẹ̀, kí lo fẹ́ fi 24 ṣe? Bó bá jẹ́ 28 ló pọ̀, tí èèyàn ń gé létí àwòrán, á jẹ́ pé Ìró_Shutter ló jàre. Èmi ṣe é fún ara mi, ẹ̀bá 35 àti ìparí zoom ni mo máa ń wà. Àárín ò fi bẹ́ẹ̀ rí mi.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ISO 6400 ni f/5.6 ń fún ẹ ní 70, f/4 máa sọ ọ́ di 3200, f/2.8 máa sọ ọ́ di 1600, shutter ò sì ní yí padà. Ibi tí 24-105 ti ń tan èèyàn jẹ ni OSS tí wọ́n kọ sí i lára. OSS ń gba ọwọ́ tìẹ tó ń gbọ̀n, kò lè dá ọmọ tó ń sáré dúró. A7 III sì ti ní tiẹ̀ nínú ikùn tẹ́lẹ̀. Lẹ́ńsì gidi ni o, tó bá jẹ́ ìrìn àjò ni, òun ni màá gbé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó o sọ yìí kì í ṣe tiẹ̀.

Má fojú kéré ìwúwo náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ò tó 300 gíráàmù. Tamron G2, tó jáde ní 2021, jẹ́ 540. Sigma Art ti 2019 jẹ́ nǹkan bí 830, filter 82mm ló sì gbà lójú, nígbà tí Tamron gba 67mm. So Sigma yẹn mọ́ kámẹ́rà, gbé e kọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́, kó o tó máa bá wa sọ̀rọ̀ igun tó mú.

Ó wá ku yíyẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí fídíò kankan ò lè sọ fún ẹ ni bí ẹyọ tó wà lọ́wọ́ ẹ ṣe rí. Tamron yẹn ní gíláàsì 17 nínú, Sigma ní 19, àwọn kan nínú wọn sì ń rìn síwá sẹ́yìn bó o bá ti ń fa zoom. Kí ọ̀kan ṣáà fì díẹ̀, apá kan àwòrán á mú, òdì kejì á rí bàìbàì.

Má ya ògiri. Gbogbo ayé ló ń ya ògiri bíríkì, èmi ò rí ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Tí kámẹ́rà bá yà bíńtín sí ògiri, apá kan ti jáde kúrò nínú focus nìyẹn, wàá máa fẹ̀sùn kan lẹ́ńsì tí ò ṣẹ̀ ẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú ibi tí ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ti ń focus kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Igun ògiri lè rọ̀ nígbà tí ohun tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ mú.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Màá wá ohun kan tó jìnnà réré, tó ní ìlà tín-ín-rín lára, bí òpó áńtẹ́nà orí ilé. Kámẹ́rà á wà lórí tripod, SteadyShot (ohun tó ń gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n nínú kámẹ́rà) á wà ní pípa, self-timer ìṣẹ́jú àáyá méjì, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), f/2.8. RAW ṣe pàtàkì, torí nínú JPEG kámẹ́rà ti lè tan ìmọ́lẹ̀ sí igun tó ṣókùnkùn kó o tó rí i. Màá gbé òpó náà sí àárín gbùngbùn, màá focus sí i, màá wá bọ́ sí MF (focus àfọwọ́yí) kí focus má bàa kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà màá yí orí tripod títí òpó yẹn kan náà á fi dé igun òkè lápá òsì, màá tẹ̀ ẹ́. Igun òkè lápá ọ̀tún, màá tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igun ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ṣe é níbi tó fẹ̀ jù, ní 50, àti ní ìparí zoom, torí ó lè dáa lápá kan kó má dáa lápá kejì.

Tó o bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní 100%. Bí gbogbo wọn bá rọ̀ bákan náà, bí wọ́n ṣe ṣe lẹ́ńsì ọ̀hún nìyẹn, tún un yà ní f/5.6 kó o rí i. Bí ọ̀kan bá rí bàìbàì tí èyí tó dojú kọ ọ́ mú ṣáṣá, ẹyọ yẹn fì.

Fídíò_Ni_Tèmi

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ọ́. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi dẹ́rù bà ẹ́: àwọn kan á ní lẹ́ńsì tí kì í ṣe ti Sony ò lè yá ju àwòrán 15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni, lórí a9 àti a1, àwọn kámẹ́rà Sony tó yá jù tìẹ lọ. A7 III fúnra rẹ̀ ò kọjá 10. Kò kàn ẹ́.

Àdùkẹ́Onífọ́tò

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀gá, mo ti ṣí fódà o. 70 ló pọ̀ jù, f/5.6 sì ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀. Ìró_Shutter, ẹ má bínú.

Tamron ló kọ́kọ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe yọ ọ́ nínú àpò báyìí, mo gbọ́ tí nǹkan ń ró gbà-gbà nínú ẹ̀, àyà mi já. Ṣé gíláàsì ti tú ni? Èkejì, mo ti ya òpó bẹ́ ẹ ṣe wí. Ní 50 àti 75, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà. Ní 28, ti òkè lápá ọ̀tún rọ̀ ju àwọn tó kù lọ.

Ìró_Shutter

Mi ò bínú. Ṣáà má pè mí lọ́jọ́ tí ẹbí bá pọ̀ nínú yàrá.

BàbáGíláàsì

Ìró yẹn kì í ṣe àìsàn. Linear motor ló ń gbé gíláàsì focus nínú G2, VXD ni Tamron ń pè é. Tí kò bá sí iná, kò sí ohun tó dì í mú, ṣe ló ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. So ó mọ́ kámẹ́rà, tan kámẹ́rà, kó o wá rọra mì ín. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá ṣì ń ró, kì í ṣe mọ́tò nìyẹn, dá a padà fún olówó ẹ̀.

Ti igun, tún un ṣe ní 28 lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò sí. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, gbé òpó sí igun ọ̀tún yẹn, sún un mọ́ra lójú kámẹ́rà, kó o fọwọ́ yí focus títí á fi mú. Bó bá mú, igun yẹn kàn ń focus síbi tó yàtọ̀ díẹ̀ sí àárín ni. Fún ẹni tó ń ya ọmọdé ní 70, èmi ò ní torí ẹ̀ pàdánù oorun. Bí kò bá mú bó ti wù kó o yí i tó, ẹyọ yẹn lo máa kọ̀, kì í ṣe Tamron. Èyí tó o bá rà fúnra ẹ, ọ̀sẹ̀ tó o gbà á ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí àyè àtidá a padà ṣì wà.

Wá fi òpó sílẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn máa sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ nínú ilé, AF-C (focus tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn), Eye AF (èyí tó ń wá ẹyinjú), f/2.8, ìparí zoom, shutter 1/500. Ka iye èyí tí irun ìpéǹpéjú ti mú níbẹ̀. Ṣe ti Sigma náà nínú yàrá kan náà, lábẹ́ iná kan náà, kó o gbé gbogbo ẹ̀ síbí, àtèyí tó mú àtèyí tí ò mú.