Àpótí àwo gíramafóònù tí bàbá àgbà mi fi sílẹ̀: báwo ni mo ṣe lè gba ohùn inú wọn là?

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá bàbá mi, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, fi àpótí àwo gíramafóònù kan sílẹ̀. Orin Handel wà níbẹ̀, Símfónì Karùn-ún ti Beethoven wà níbẹ̀ lórí àwo mẹ́rin, ojú mẹ́jọ. Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni àwo ilé-iṣẹ́ Zonophone méjì nínú àwọn tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìyìn Yorùbá sí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922.

Mo fi sípírítì nu ọ̀kan nínú àwọn ti Beethoven. Aṣọ funfun tí mo fi nù ún di dúdú lójú ẹsẹ̀, ojú àwo náà sì ṣe bàìbàì. Mo tún gbé àwo Àlùfáà kan fún ẹnìkan tí ó ń ṣiṣẹ́ ohùn pé kí ó bá mi gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ariwo rẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn Àlùfáà wá ń dún bí ẹni tí ó ń kọrin nínú kànga. Kí ni kí n fi fọ àwọn tí ó kù, báwo ni mo sì ṣe lè gbà wọ́n sílẹ̀ fúnra mi tí ohùn kò fi ní bàjẹ́?

Èsì láti Ṣágámù

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Oje tí kòkòrò kan ń pọn sára igi, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́láákì, ló wà nínú àwo wọ̀nyẹn, sípírítì a sì máa yọ́ ọ. Ẹ má tún fi kàn wọ́n mọ́ láé. Omi bátìrì mọ́tò ni kí ẹ rà (mo bẹ̀ yín, kì í ṣe áásìdì), kí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀ lé ìlà ojú àwo yípo láìjẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀, kí ẹ fi omi bátìrì mìíràn ṣàn án, kí ẹ wá gbé e nàró sí abẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ. Oòrùn a máa ká a kò. Èyí tí ó ti ṣe bàìbàì kò ní padà sípò mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù.

Èsì láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìlú Haruna Ishola ni mo wà, àwo àpàlà ni èmi sì ń gbà là, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ má ṣe fi gíramafóònù àtijọ́ lù wọ́n, nítorí abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ ń jẹ ojú àwo. Ẹ̀rọ tuntun tí ó lè yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ mil 3. Abẹ́rẹ́ àwo ìgbà tuntun kéré jù fún ìlà wọn, ìsàlẹ̀ ibi tí ìdọ̀tí dì sí ni yóò máa fà lọ.

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀, kí ẹ lo bátìrì kọ̀ǹpútà. Fáìlì WAV, tí kì í gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn, ni kí ẹ fi pamọ́, bit 24, kì í ṣe MP3 tí ń gé e. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà mìíràn.

Nípa ti kànga yẹn: kí ó tó di 1925 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo makirofóònù, ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin máa ń kọrin sí, ohùn tín-ín-rín kò sì wọlé púpọ̀. Ìwọ̀nba tí ó wọlé náà ni ariwo dì mọ́. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà gbá gbogbo ariwo lọ, yóò gbá ohùn mọ́ ọn. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà fún títún ohùn ṣe tí kì í gba owó, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ìró tí ń ta páá, páá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra dín èyí tí ń ṣe ṣàà kù, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀. Èmi fẹ́ràn ariwo díẹ̀ ju ohùn tí ó ti kú lọ.

Ẹ tún fetí sí ìyára rẹ̀: kì í ṣe gbogbo àwo ìgbà yẹn ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní 78 gan-an. Ẹ̀yin ọmọ atẹdùùrù yóò mọ̀ bí orin bá ga jù.

Ìdáhùn olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti pe ẹni tí ó ṣiṣẹ́ náà, ó ní òun kò tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ọpẹ́ ni pé àwo fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwo Handel kan tí ó ti sán létí ni màá kọ́kọ́ fi kọ́wọ́, kí n tó fọwọ́ kan ti Àlùfáà.