Ẹni Tó Bá Ti Gbé Abúlé ní Íńdíà Rí, Ẹ Wá Sọ Tiyín

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n ṣáájú.

Noida, ìlú kan lẹ́bàá Delhi, ni mo ti kàwé. Nígbà ìsinmi kan, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá mú mi lọ sí abúlé wọn ní agbègbè Ballia, lápá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, lẹ́bàá ààlà Bihar. A wọ ọkọ̀ ojú irin mọ́jú, a wá fi kẹ̀kẹ́ Márúwá parí rẹ̀.

Ìyá àgbà wà ní àgbàlá lórí khatiya, ibùsùn onígi tí wọ́n fi okùn hun. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ màmá, ó fi kan orí ara rẹ̀. Èmi ọmọ Yorùbá, kí ni mo tún ń wò? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́! Àṣé iwájú òrìṣà ni wọ́n ti sábà máa ń nà bẹ́ẹ̀. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọdé ò yéé sín mi jẹ.

Ohun amáyédẹrùn pọ̀ nílé yẹn, àmọ́ ti àtijọ́ ṣì jókòó tì í. Ẹ̀rọ omi ìjọba wà lẹ́nu ọ̀nà, lára ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 pé kí omi dé gbogbo ilé ní ìgbèríko. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń yọ. Tó bá ti dákẹ́, ó di ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ní àgbàlá. Iná náà wà, wọ́n a sì mú un lọ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ" tó bá dé o, èmi nìkan ni.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, wọ́n kọ Izzat Ghar sára rẹ̀, ìyẹn "ilé iyì", ọ̀kan nínú èyí tí ìjọba ń kọ́ káàkiri láti 2014. Mo ṣèèṣì ṣí ti aládùúgbò wọn, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ló kún inú rẹ̀ dé àjà! Òjò ló fà á, wọ́n ń wá ibi tí ohun ìdáná ò ti ní tutù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ballia yìí náà ni Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, ti ṣí ètò gáàsì fún àwọn obìnrin tálákà ní May 2016. Sílíńdà wà ní kíṣìnì wọn lóòótọ́, wọ́n faṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Tíì ni wọ́n fi ń sè, torí owó àtirọ òmíràn kì í ṣe kékeré. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fọwọ́ pò, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ló ń dáná gidi. Ojú ìka márùn-ún hàn ketekete lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí ẹyin iná rẹ̀ ni wọ́n ti sun litti fún mi: ìyẹ̀fun àlìkámà rogodo tí wọ́n ki ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan sínú rẹ̀, pẹ̀lú ikàn àti tòmátì sísun tí wọ́n gún mọ́ ata. Mo jẹ méje.

Èyí tó dùn mí ni ọjọ́ tí a sin ìyá àgbà lọ gba oúnjẹ ìjọba. Kílò 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ìrẹsì àti àlìkámà lápapọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ka sí. Màmá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó nu ún mọ́ sárì, aṣọ tó wé mọ́ra, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Iṣẹ́ oko àti ìgbẹ́ màlúù ti fọ ojú ìka náà dànù. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló wá gbà nígbẹ̀yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ní kí màmá máa tọ́jú ìka yẹn, kó má fi fọ abọ́ mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Jalandhar:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìpínlẹ̀ Punjab ni tèmi, ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àwọn tó wà ní Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù ló ń kọ́ ilé alájà síbẹ̀, àwọn míì a tún gbé táńkì omi tí wọ́n mọ bí ọkọ̀ òfúrufú sórí òrùlé. Ẹ kanlẹ̀kùn, kò séèyàn nínú ilé.

Ohun tí mo gbádùn jù ni gurdwara, ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh. Nígbà tí owó ilé ò bá tètè dé, ibẹ̀ ni mo ń sá lọ. Ẹ bo orí, ẹ bọ́ bàtà, ẹ jókòó sílẹ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá tó ń pín rotí, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, dé ọ̀dọ̀ mi, mo na ọwọ́ ọ̀tún bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Wọn ò fún mi. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, títí mo fi tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.