Ṣé "apakòkòrò" ni ó yẹ kí a máa pe oògùn yìí?

Mo ka àbá pé kí a fi "oògùn apakòkòrò" ṣe orúkọ àwọn oògùn bíi amoxicillin àti penicillin nínú ìwé pélébé tí a fẹ́ kọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Ìbàdàn, mo sì rí i pé ẹnìkan fara mọ́ "aporó". Ti aporó kò le: oró ni ó ń pa, kì í ṣe àrùn. "Apakòkòrò" gan-an ni ó ń kọ mí lóminú.

Ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò jù. Apakòkòrò ni àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko ẹ̀wà, òun náà ni a ń fọ́n sí aáyán nínú ilé. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé kòkòrò ni ó fa ọ̀fìnkìn ọmọ rẹ̀, tí ó sì gbọ́ pé oògùn yìí ń pa kòkòrò, kò ṣi èdè gbọ́ rárá bí ó bá lọ rà á ní kẹ́míìsì ní Bódìjà láìrí dókítà. Àwa tí a fún un ní ọ̀rọ̀ náà ni a tì í débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò àìfojúrí kan, ni ó ń fa ọ̀fìnkìn àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ikọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí ó ń ṣe ọmọdé, bakitéríà, irú kòkòrò àìfojúrí mìíràn, sì ni oògùn wọ̀nyí ń pa; wọn kò lè fi fáírọ́ọ̀sì ṣe ohunkóhun.

Nítorí náà, "oògùn apabakitéríà" ni mo fara mọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àyálò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyálò tí ó ya ohun méjì sọ́tọ̀ wúlò fún ìyá ọmọ ju ojúlówó tí ó pa wọ́n pọ̀ lọ. Pẹ̀lú rẹ̀, a lè kọ ọ́ kedere pé ọ̀fìnkìn kò nílò apabakitéríà. Pé omi iyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú oògùn síǹkì (zinc) ni ti ìgbẹ́ gbuuru tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Àti pé bí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún bá ń wúkọ́, tí ó sì ń mí tó ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ó lè jẹ́ òtútù àyà, níbi tí amoxicillin ti wúlò ní tòótọ́.

Ó ku "ara ti mọ́ oògùn", tí a dábàá fún bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. N kò lè gbà á, nítorí ó di ẹ̀bi ru ara ọmọ, nígbà tí ó jẹ́ pé bakitéríà fúnra rẹ̀ ni ó yí padà. Alexander Fleming, tí ó ṣàwárí penicillin ní 1928, ti kìlọ̀ nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé lílo oògùn náà níwọ̀n tí kò tó yóò sọ bakitéríà di alágbára sí i. Ohun tí ẹnu wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí a kọ: "bakitéríà tí apá oògùn kò ká mọ́." Bí a bá nílò ọ̀rọ̀ orúkọ fún àwọn oníṣègùn, "àìkápá oògùn" yóò ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ìyá yóò kà, gbólóhùn náà ni n óò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.