Mapogo àti Majingilane: kí ló dé tí wọ́n fi ń pa ọmọ kìnnìún, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dá wọn mọ̀?

ỌmọÒkèÒgùn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń tọ àwọn kìnnìún Sabi Sand lẹ́yìn lórí fídíò, igbó aládàáni tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, tó fara ti ọgbà ẹranko ìjọba Kruger ní South Africa yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo dátà mi ń lọ. Orí àwọn Mapogo ni mo ti bẹ̀rẹ̀, akọ mẹ́fà tí wọ́n ya wọ ibẹ̀ ní 2006, Makhulu ni àgbà wọn, wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ́wọ́, akọ tí wọ́n bá rí wọ́n á pa á, ọmọ tí wọ́n bá rí wọ́n á pa á, ìgbà míì wọ́n á tún jẹ ẹ́. Nígbà tó di 2010 àwọn Majingilane, ẹgbẹ́ akọ míì, wọlé dé, wọ́n pa Kinky Tail, ọ̀kan nínú àwọn Mapogo, ní 2012 àwọn akọ Selati tún pa Mr T, Mapogo míì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń pa ọmọ tí ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan? Báwo sì làwọn èèyàn ṣe ń mọ̀ pé eléyìí ni lágbájá, torí lójú tèmi gbogbo wọn ló jọra àfi èyí tó bá ní àpá. Báwo sì ni irú àwọn Mapogo yẹn ṣe wá ṣubú?

Ìyá Àdùkẹ́:
Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ọmọ pípa yẹn, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ńṣe ni mo pa fóònù. Àmọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Abo tó bá ń tọ́mọ lọ́wọ́ ò ní gba akọ fún bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì, ṣùgbọ́n tọ́mọ ọ̀hún bá kú, kì í pẹ́ tára ẹ̀ á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbo ò dẹ̀ ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ káwọn míì tó wá lé wọn, oyún nìkan á gbà tó oṣù mẹ́ta àbọ̀. Tó bá ní kóun dúró kọ́mọ ẹlòmíì dàgbà, wọ́n á ti lé òun náà kí tiẹ̀ tó mọ ẹran pa. Mi ò ní pè wọ́n níkà torí ẹ̀.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń pe akọ lọ́ba. Àwọn abo ló ni agbo. Ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti gba ilẹ̀ yẹn. Akọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ á kúrò tó bá ti tó ọdún méjì sí mẹ́ta, akọ tó tìta wá náà á lọ. Àwọn abo á kó ọmọ wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n á jọ máa fún wọn lọ́mú, tí akọ àjèjì bá yọjú wọ́n á jọ kọjú ìjà sí i. Abo kan ṣoṣo ò lè dá akọ dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pé mẹ́ta mẹ́rin, akọ á ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dáNairobi:
Òótọ́ ni Mọ̀mí sọ. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi níbí, tí àyè bá gbà mí mo máa ń lọ sí Maasai Mara, igbó ẹranko ní Kenya níbí. Ká sọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, níbi tí irun gígùn yẹn ti hù, wàá rí àwọn tóótòòtó dúdú, bí ìtẹ̀ka èèyàn ló rí, ti kìnnìún kan ò jọ ti ìkejì, ti apá ọ̀tún ò sì jọ tòsì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń lò ní Serengeti, igbó ẹranko ní Tanzania, nìyẹn, níbi tí George Schaller ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1966, tí Craig Packer gbà á ní 1978. Tún wo etí tó ya, eyín tó kán, àti imú, pupa ló máa ń jẹ́ lọ́mọdé, tó bá ń dàgbà á máa dúdú. Tiwa tí gbogbo ayé mọ̀ níbí ni Scarface, àpá wà lójú ọ̀tún ẹ̀, òun, Morani, Sikio àti Hunter ni wọ́n jọ ń rìn. Ọjọ́ ogbó ló gbé e lọ ní 2021, ó tó ọmọ ọdún 14, ìyẹn ṣọ̀wọ́n fún akọ inú igbó.

Ní ti ìṣubú Mapogo, iye ni o. Wọ́n ti pín, Mr T àti Kinky Tail dá lọ sọ́tọ̀, wọ́n wá pàdé àwọn Majingilane, márùn-ún làwọn yẹn. Mr T àti Kinky Tail rí ọ̀kan pa nínú àwọn Majingilane, ó wá ku mẹ́rin, àwọn tó kù ló wá pa Kinky Tail. Ká ní àwọn mẹ́fà jọ wà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé Majingilane á dúró. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Serengeti tún jẹ́ ká mọ̀ pé akọ méjì sí mẹ́ta lè pàdé lọ́nà kí wọ́n di ọ̀rẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti tó mẹ́rin sókè ọmọ ìyá tàbí ìbátan ni wọ́n máa ń jẹ́, torí nínú ẹgbẹ́ ńlá kì í ṣe gbogbo wọn ló máa rí abo gùn, ẹni tí ò rí, ọmọ àbúrò ẹ̀ ṣì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Akin_Kíṣí:
Gbogbo yín South Africa àti Kenya lẹ ń wò, kìnnìún wà nítòsí wa o! Kainji Lake, lápá Borgu, àti Yankari ní Bauchi. Gbogbo tiwa ní Nàìjíríà ò tó 50. Ìwádìí tó jáde ní 2014 ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ò ju bí 400 lọ, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà láàlà Benin, Burkina Faso àti Niger, igbó ẹranko Pendjari wà níbẹ̀. Gọ̀gọ̀ akọ tiwọn ò nípọn, agbo wọn ò tóbi. Àwọn ọdẹ ti kó ẹran tí wọ́n ń jẹ tán, tí wọ́n bá pa màlúù, darandaran á fi májèlé sẹ́ran fún wọn. Àwọn agbébọn tún ti wọ igbó yẹn, ta ló fẹ́ gbé kámẹ́rà lọ? Ó ń dùn mí gan-an, torí a mọ orúkọ kìnnìún Sabi Sand lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò mọ orúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú tiwa.

ỌmọÒkèÒgùn:
Ẹ ṣé gan-an, Mọ̀mí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Akin, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ti Kainji ṣì kù. Mọ̀mí, agbo wo ni kí n wá máa tọ̀ lẹ́yìn?

Ìyá Àdùkẹ́:
Bẹ̀rẹ̀ látorí Tsalala, ní Londolozi nínú Sabi Sand yẹn náà. Wá fídíò abo wọn tí ò nírù. Nígbà táwọn Majingilane dé, àwọn abo kéékèèké nínú agbo yẹn ya lọ, wọ́n dá tọ́ ara wọn dàgbà, àwọn ló di agbo Mhangeni. Tó o bá ti rí wọn, wá sọ fún wa níbí.