Fíìmù tí màmá mi wà nínú ẹ̀ kò fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà, ẹ gbà mí o

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Páálí àwo fíìmù kan ni màmá mi fi sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé wa l'Ákùúrẹ́ ńbí, sídì ló pọ̀ jù, dífídì díẹ̀ wà níbẹ̀, ojúlówó sì ni gbogbo ẹ̀ torí màmá kì í ra ayédèrú. Mo ti ń kó wọn sórí láptọ́ọ̀pù láti bí ọ̀sẹ̀ méjì torí ẹ̀rọ tá a fi ń wò wọ́n ti kú. Ọ̀kan wà tí màmá fúnra wọn wà nínú ẹ̀, ìgbà tí wọ́n wá ya fíìmù lọ́jà wọ́n ní káwọn ìyá ọlọ́jà jókòó sídìí igbá wọn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, màmá mi ń wọn gààrí lọ́wọ́, wọ́n gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ó ti parí. Ọdún kẹta tí wọ́n ti lọ nìyí, kò sì sí fídíò wọn míì nílé.

Àwo méjì ni fíìmù náà. Àwo kìíní kọjá wọ́ọ́rọ́. Àwo kejì tí màmá wà nínú ẹ̀ ló ń fìyà jẹ mí, tó bá ti dé ìdajì ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké gìrì-gìrì, á dúró, á wá kọ "cyclic redundancy check", ìyẹn ni pé ohun tó kà lórí àwo kò péye. Mo ti fi ọṣẹ ìfọyín pa á bí ẹnì kan ṣe sọ, ó tún burú sí i. Wàhálà kejì, dífídì kan tí mo sọ di fáìlì kan ṣoṣo jẹ́ 5GB, fláàṣì 32GB tó ṣófo ní òun ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ:
Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tíì fi àwo yẹn sínú ẹ̀rọ mọ́. Ṣé sídì ni àbí dífídì? Ẹ gbé e sókè sí gílóòbù, kẹ́ ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ya àwòrán sí, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbì kankan? Ọ̀pọ̀ ń tọ́jú ìsàlẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ abẹ́ àwòrán yẹn gan-an ni fíìmù wà tó bá jẹ́ sídì. Ti dífídì ló wà láàárín ike méjì.

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ẹ ṣé bọ̀dá. Sídì ni, fólídà MPEGAV ni mo rí nínú ẹ̀, fáìlì ń jẹ́ AVSEQ01.DAT. Mo gbé e sí iná, ihò méjì ló wà létí pátápátá, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibi tí mo ti ṣí sítíkà kúrò ni. Àyà mi já.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Àárín ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀ wá sí etí. Ihò tó wà létí, òpin fíìmù ló máa mú, kì í ṣe òun ló ń dá yín dúró ní ìdajì. Ìdọ̀tí àti ọṣẹ ìfọyín yẹn ni, ohun líle bí iyanrìn ló wà nínú ẹ̀ ẹ jàre, ó ń họ ojú àwo ni. Ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfabọ́ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí tààrà, ẹ má yí i po, torí ipa fíìmù ń yí po ni, ìhọra tó bá tẹ̀lé e á ba ibi gígùn jẹ́.

Ẹ má fi Windows wọ́ ọ mọ́. Sídì fíìmù kò rí bíi sídì tí wọ́n kó ìwé sí, wọ́n dín ohun tí ẹ̀rọ fi ń tún àṣìṣe ṣe kù kí fíìmù lè gba inú ẹ̀, dípò 2048 báìtì ní ìpín kọ̀ọ̀kan, 2324 ni wọ́n rọ́ sí i. Tí Windows bá kan ibi kan tí kò rí kà, gbogbo fáìlì ló ń jù nù, tó fi mọ́ èyí tó ti kà. IsoBuster, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ fáìlì kúrò lórí àwo, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ tẹ fáìlì DAT yẹn, ẹ yan Extract, tó bá bi yín ohun tí kó ṣe sí ibi tí kò rí kà, ẹ ní kó fi òdo dí i kó máa lọ. Tí ti láptọ́ọ̀pù yín bá kọ̀, ẹ wá dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́, ojú ẹ̀rọ méjì kì í rí bákan náà.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Oǹdó ni mo wà. Ti fláàṣì yẹn, FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú fláàṣì, ni wọ́n fi ṣe é, kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4GB bó ti wù kó ṣófo tó. Ẹ format rẹ̀ sí exFAT tó ń gba fáìlì ńlá, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó bá wà nínú ẹ̀ kúrò torí á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ti dífídì tó bá ń dúró lójú ọ̀nà, ddrescue, ètò tó ń kó ohun tó wà lórí àwo tó bà jẹ́, ni mo fi ń kó tèmi lórí Linux, tẹ́ ẹ bá ti ní kó máa kọ mapfile (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀), tí iná bá lọ á rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé, ẹ má ṣáà lò ó fún sídì fíìmù, kò bá a mu. Ẹ sì má fi ti màmá sórí fláàṣì kan ṣoṣo, ẹ fi sórí háàdì méjì kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ẹ̀yin ará mi, ó ti wọlé! Láptọ́ọ̀pù kọ̀ ọ́, mo gbé àwo náà lọ bá bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, dẹ́sítọ́ọ̀pù wọn kà á fún bíi wákàtí kan àbọ̀. Ìparí ẹ̀ ti lọ, orúkọ àwọn òṣèré ló wà níbẹ̀. Níbi ti màmá, àwòrán já sí wẹ́wẹ́ lápá òsì, ó bo obìnrin tó ń ra gààrí, kò kan màmá rárá. Mo tiẹ̀ rí i pé gèlè aláwọ̀ ewéko tó wà lọ́dọ̀ mi yìí ni wọ́n wé. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó pè, kò rí ọ̀rọ̀ sọ.