Ḥerem: ìyọlẹ́gbẹ́ kọ́, ìsọdeèwọ̀ ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè ohun tí a ó máa pe ḥerem àwọn Júù ní Yorùbá, ìyẹn ìdájọ́ tí ìjọ wọn fi ń ta ẹni tó ṣẹ̀ nù, ọ̀pọ̀ yín sì dáhùn pé "ìyọlẹ́gbẹ́". Èmi ò gbà.

Ọ̀rọ̀ gidi ni ìyọlẹ́gbẹ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá yọ mí lẹ́gbẹ́ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orúkọ mi ni wọ́n pa rẹ́. Àwọn tí a jọ ń dá owó ṣì lè kí mi lọ́jà, kí wọ́n tún bù oúnjẹ fún mi. Ẹ wá wo ohun tí ìjọ àwọn Júù Potogí ní Amsterdam kọ nípa Spinoza, onímọ̀ ọgbọ́n orí nì, ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1656, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23. Wọ́n fi í gégùn-ún tọ̀sán tòru, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdìde. Wọ́n wá kọjú sí ará ìjọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ lẹ́nu tàbí nínú lẹ́tà; kò gbọ́dọ̀ ṣe é lóore; kò gbọ́dọ̀ bá a wà lábẹ́ òrùlé kan náà; kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin; kò gbọ́dọ̀ ka ohun tó bá kọ. Ẹ ka iye "kò gbọ́dọ̀" tó wà níbẹ̀. Àwọn tó kù nílé ni òfin náà dè.

Àbúrò tó dábàá "eèwọ̀", tí ẹ fi ṣe ẹlẹ́yà, ló sún mọ́ ọn jù. Gbòǹgbò kan náà ni ḥerem àti harámù tí à ń gbọ́ nínú wáàsí. Èmi kàn fi kún un: ìsọdeèwọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: wọ́n sọ ọ́ di eèwọ̀.

Ẹnì kan ní eèwọ̀ kì í tán, ṣùgbọ́n ḥerem máa ń kúrò. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe é fún ní Amsterdam tọrọ àforíjì, wọ́n sì padà. Àbí ẹni tó bá jẹ eèwọ̀ kì í ṣètùtù ni? Uriel da Costa, tí wọ́n ti ṣe ḥerem fún, fẹ́ padà sínú ìjọ yìí kan náà ní 1640. Ìtàn tó kọ nípa ara rẹ̀ ní wọ́n nà án ní pàṣán 39 nínú sínágọ́gù, ó sì dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ìjọ ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pa ara rẹ̀. Ní ti Spinoza, kò tilẹ̀ gbìyànjú ètùtù kankan. Ó kú ní 1677, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun kékeré kan ṣẹ́kù. Ẹni tó ń túmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "àwọn àlùfáà lé e jáde" kúrò níbi tí ẹ ti sọ ti Spinoza. Mahamad, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìjọ náà, ló ṣe é: ọkùnrin mẹ́fà pẹ̀lú akápò kan, oníṣòwò ni wọ́n, ràbì kọ́. "Ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ" tó mi. "Ògbóni" tí ẹnì kan mú wá kò lè ṣiṣẹ́. Kò sí awo níbẹ̀, inú sínágọ́gù gangan ni wọ́n ti ka ìdájọ́ náà sétí gbogbo ènìyàn.